Ogún tó ní "bí" nínú: ìgbà tẹ́ ẹ lè gbé trustee lọ sí kọ́ọ̀tù kí ogún náà tó kàn yín

Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ mọ̀ pé mi ò kí ń ṣe lọ́yà o. Kíláàkì ni mí ní ọ́fíìsì lọ́yà kan níbí l'Abuja, èmi ni mo ń gbé fáìlì láti Wuse lọ sí kọ́ọ̀tù ní Maitama, èmi ni mo ń tò sórí ìlà níbi tí wọ́n ti ń ṣírò owó ìwé ẹjọ́, mo sì ti ṣe é títí tí àwọn kan níbẹ̀ fi ń pè mí ní barrister, wọ́n á wá máa rẹ́rìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ kọ yìí, àṣìṣe tèmi gan-an ló bí i.

Ọmọbìnrin kan tá a jọ ń ṣe ìpàdé ọmọ ìlú wa ní Nyanya ló mú ìwé kan wá bá mi lẹ́yìn ìpàdé lọ́jọ́ Sunday kan, ó fi nylon dúdú wé e bí ẹni wé ẹran. Ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ tó ti di olóògbé ló ṣe ìwé náà. Ilé kan ní Gwarinpa àti ṣọ́ọ̀bù méjì, ó kó gbogbo ẹ̀ sábẹ́ trust, ó fi ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan ṣe trustee, ìyẹn ni pé orúkọ ọ̀rẹ́ yẹn ló wà lórí dúkìá àmọ́ àwọn ẹlòmíì ló ń bá dì í mú. Ìyàwó olóògbé ni kó máa gbénú ilé, kó sì máa jẹ rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù títí ọlọ́jọ́ á fi dé. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ẹ̀ di ti ọmọ ẹ̀ ọkùnrin bí ọmọ náà bá pé ọdún 25. Bí kò bá pé 25, ó di ti ọmọbìnrin yìí. Ọmọ ọdún 19 ni ọmọkùnrin náà nígbà yẹn, ó ń kàwé ní Zaria, ara ẹ̀ sì le koko.

Trustee wá gbé ṣọ́ọ̀bù kan fún àbúrò ìyàwó ẹ̀ ní ìdajì owó tí àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ ń san, wọ́n tún ń gbọ́ fìrìfìrì pé ó ń wá ẹni tó máa ra ìkejì. Ọmọbìnrin yìí pè é, bàbá náà ní, "Kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀? Ṣé ọmọ yẹn ti kú ni?" Ló bá pa fóònù.

Èmi náà, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo rò pé mo mọ̀, mo ní òótọ́ ni bàbá yẹn sọ, kó lọ fara balẹ̀ ná. Lọ́jọ́ kejì mò ń ròyìn ẹ̀ lọ́fíìsì, ọ̀gá mi bá pòṣé, ó ní ta ló ní kí n máa dájọ́. Ó ní owó náà ò tíì jẹ́ ti ọmọbìnrin yẹn lóòótọ́, àmọ́ bí wọ́n bá ń bà á jẹ́, ó ti kàn án. Gbólóhùn yẹn ni gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ yìí dúró lé, torí náà ẹ fi sọ́kàn bẹ́ ẹ ṣe ń kà á lọ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ wá ọ̀rọ̀ "bí" nínú ìwé náà

Ẹ má gba ohun tí bùrọ̀dá sọ níbi fídáù tàbí níbi ìsìnkú gbọ́. Ẹ wá kọ́pì ìwé náà gan-an, ẹ mú bírò, ẹ fa ìlà sábẹ́ gbogbo ibi tó ti sọ pé bí èyí bá ṣẹlẹ̀, nígbà tí tọ̀hún bá pé, tàbí kò ní jẹ́ bẹ́ẹ̀ àyàfi tí báyìí. Ẹni tí ogún ẹ̀ ní irú ọ̀rọ̀ yìí ni mo máa pè ní ẹni bí-bá, àwọn lọ́yà ní orúkọ òyìnbó tí wọ́n ń pè é àmọ́ bí-bá ti tó fún èmi àti ẹ̀yin.

Ibi tó le nìyí, ẹ jẹ́ ká rọra lọ. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí. Àkọ́kọ́: "Mo fún ọmọ mi ní ilé yìí, kí wọ́n fà á lé e lọ́wọ́ nígbà tó bá pé ọdún 25." Ìkejì: "Bí ọmọ mi bá pé ọdún 25, kí wọ́n fún un ní ilé yìí." Tẹ́ ẹ bá sáré kà á, ẹ ó sọ pé ìkan náà ni. Kì í ṣe ìkan náà rárá. Nínú ti àkọ́kọ́, ilé ti di tọmọ, gbígbà nìkan ló kù. Nínú ìkejì, ọmọ ò tíì ní nǹkan kan àfi ìrètí tí òfin mọ̀ sí, tó bá kú ní 24, ó parí nìyẹn.

Ẹjọ́ kan wà tí gbogbo lọ́yà mọ̀ lórí èyí, Saunders v Vautier, England ni, ọdún 1841. Ẹnì kan fi ìpín ẹ̀ nínú ilé-iṣẹ́ East India sílẹ̀, ó ní kí wọ́n máa kó èrè ẹ̀ jọ títí Vautier á fi pé ọdún 25. Vautier pé 21, tó jẹ́ ọjọ́ orí àgbà nígbà yẹn, ó ní òun ò lè dúró mọ́, ẹ kó o wá. Kọ́ọ̀tù ní kí wọ́n kó o fún un, torí pé ohun ẹ̀ ni láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sì sí ẹlòmíì tí ìwé náà dárúkọ pé ó máa jẹ́ tiẹ̀ bí Vautier ò bá dé 25. Ohun tẹ́ ẹ máa wá nìyẹn nínú ìwé tiyín: ṣé wọ́n dárúkọ ẹlòmíì tó máa gbà á bí ti àkọ́kọ́ bá yẹ̀? Bí wọ́n bá dárúkọ ẹlòmíì, "bí" náà le gan-an nìyẹn, bóyá ẹ̀yin sì ni ẹlòmíì ọ̀hún.

Oríṣi bí-bá pọ̀. Ó wà ti ọjọ́ orí, ó wà ti bí lágbájá bá kú láì bímọ, ó wà ti àwọn ọmọ-ọmọ tó bá ṣì wà láyé lọ́jọ́ tí ìyá àgbà bá lọ, ó tún wà ti bó bá wu trustee láti yàn yín. Ti ìkẹyìn yìí ni kò lágbára tó àwọn yòókù, àmọ́ òun náà ò ṣòfo, a máa débẹ̀.

Ohun kan tí mo ní láti sọ torí ó ń dá mi lágara: orúkọ yín tó wà ní next of kin lórí fọ́ọ̀mù báńkì kò sọ yín di ajogún, kò sì sọ yín di ẹni bí-bá. Ẹni tí wọ́n máa pè tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ ni. Mo ti rí àgbàlagbà tó fẹ́ fi fọ́ọ̀mù yẹn pẹjọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ṣé ẹni tó dá trust náà sílẹ̀ ṣì wà láyé, ṣé ó sì lè yí i padà?

Bó bá wà láyé tó sì fi àyè sílẹ̀ fún ara ẹ̀ nínú ìwé pé òun lè fagi lé e nígbà tó bá wu òun, ẹ lọ jókòó, ẹ ò tíì ní ẹjọ́ kankan. Ohun tó lè gbà lọ́wọ́ yín láàárọ̀ ọ̀la láì bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ ò lè torí ẹ̀ pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Wíìlì náà bẹ́ẹ̀, nígbà tí olówó ẹ̀ bá ṣì ń mí, ìrètí lásán ni.

Àmọ́ bó bá jẹ́ pé ìwé náà ò ṣeé yí padà, tàbí ẹni tó ṣe é ti kú, ọ̀nà ti ṣí. Kò dìgbà tí "bí" yín bá ṣẹ.

Kí nìdí tó fi ṣí? Torí kọ́ọ̀tù wa máa ń béèrè ohun tí trustee yẹn béèrè lórí fóònù: kí ló kàn ẹ́ níbẹ̀? Locus standi ni wọ́n ń pè é. Sẹ́nétọ̀ Abraham Adesanya tiwa náà fara gbá a lọ́dún 1981, ó gbé Ààrẹ lọ sí kọ́ọ̀tù lórí ẹni tí wọ́n fi ṣe alága FEDECO, ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò ìdìbò nígbà yẹn, Supreme Court ní ọ̀rọ̀ náà ò kàn án ju bó ṣe kan gbogbo ọmọ Nàìjíríà lọ. Ẹni bí-bá ò sí nírú ipò yẹn. Orúkọ yín wà nínú ìwé, tàbí ẹ wà lára àwọn tí ìwé pè ní ọmọ-ọmọ. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín ju bó ṣe kan ẹni tó ń kọjá lọ ní Berger lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ pinnu ohun tẹ́ ẹ fẹ́ bèèrè, torí ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣubú

Bẹ́ ẹ bá wọ kọ́ọ̀tù pé kí wọ́n kó owó fún yín, wọ́n máa lé yín jáde, trustee á sì tún ní kí wọ́n bá òun gba owó lọ́yà òun lọ́wọ́ yín. Kò tíì jẹ́ tiyín. Bẹ́ ẹ bá wọlé pé kí wọ́n má jẹ́ kó bàjẹ́, wọ́n á gbọ́ yín. Ọ̀nà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni, ẹ sì gbọ́dọ̀ mọ èyí tẹ́ ẹ wà lórí ẹ̀ kẹ́ ẹ tó san kọ́bọ̀ fún lọ́yà.

Ohun tẹ́ ẹ lè bèèrè: ẹ lè ní kí trustee ṣí ìwé ìṣirò fún yín. Ẹ lè ní kí kọ́ọ̀tù dá a dúró kó má ta nǹkan kan kí ẹjọ́ tó parí. Ẹ lè ní kí wọ́n yọ ọ́, kí wọ́n fi ẹlòmíì sí i. Bó bá ti náwó náà sí ibi tí kò yẹ, ẹ lè ní kó dá a padà, àmọ́ ẹ ṣàkíyèsí ibi tó máa dá a padà sí o, inú àpò trust ni, kì í ṣe àpò yín. Bí ìwé náà bá sì rújú, tẹ́nìkan ò mọ̀ bóyá "ọmọ" kan ọmọ tí wọ́n gbà tọ́ tàbí kò kàn án, ẹ lè ní kí adájọ́ túmọ̀ ẹ̀.

Ohun tẹ́ ẹ ò lè bèèrè: kẹ́ ẹ máa bá trustee yan ẹni tó máa gba ilé náà háyà, kìkì torí pé ẹ̀yin ì bá yan ẹlòmíì. Bó bá jẹ́ pé ó ronú sí i dáadáa tó sì ṣe é pẹ̀lú ọkàn kan, kọ́ọ̀tù kì í sábà dá sí i. Trustee kì í ṣe ẹrú yín. Àmọ́ ìgbà tí àǹfààní bá ti ń lọ sọ́dọ̀ ẹbí ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yí padà nìyẹn, ọjọ́ pẹ́ tí wọ́n ti fòfin de ìyẹn. Lọ́dún 1726, nínú ẹjọ́ Keech v Sandford, trustee kan ń bá ọmọ kékeré dì àǹfààní ọjà kan mú ní Romford ní England, nígbà tó di pé kí wọ́n tún àdéhùn ẹ̀ ṣe, onílẹ̀ ní òun ò lè fún ọmọdé, trustee wá gbà á fún ara ẹ̀. Kọ́ọ̀tù ní kó kó o padà fún ọmọ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ ọ̀hún ò bá ti rí i gbà lọ́nàkọnà. Báyìí ni wọ́n ṣe le tó lórí trustee tó bá fẹ́ jẹ níbi tó ti ń ṣọ́.

Ní ti kí wọ́n ṣí ìwé fún yín, ẹjọ́ tó ran àwọn ẹni bí-bá lọ́wọ́ jù ni Schmidt v Rosewood, ọdún 2003, Privy Council, kọ́ọ̀tù àgbà kan ní London, ló dá a, láti erékùṣù Isle of Man. Ọmọ Rọ́ṣíà kan ni, bàbá ẹ̀ kú, ó ń wádìí nǹkan tó wà nínú àwọn trust tí bàbá ẹ̀ lọ́wọ́ sí, wọ́n ní kò lẹ́tọ̀ọ́, torí nínú apá kan ẹ̀, bó bá wu trustee ni wọ́n fi lè fún un ní nǹkan. Àwọn adájọ́ ní kì í ṣe pé kéèyàn ti ní nǹkan pàtó kí kọ́ọ̀tù tó lè dá sí i, agbára kọ́ọ̀tù láti máa mójú tó trust ló ṣe kókó, ó lè pàṣẹ pé kí wọ́n fìwé hàn, ó sì lè kọ̀, ó wà lọ́wọ́ ẹ̀. Ẹjọ́ òkèèrè ni o, láti 1963 la ò ti gbé ẹjọ́ lọ sí Privy Council mọ́, nítorí náà adájọ́ tiwa lè fetí sí i, kò di dandan kó tẹ̀ lé e. Ti yíyọ trustee wà nínú Letterstedt v Broers, 1884, ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ni pé àlàáfíà àwọn tí wọ́n ń bá dì í mú ni kọ́ọ̀tù máa wò, kì í ṣe kìkì pé ẹ ò fẹ́ràn ara yín.

Tí trustee bá ní wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹnikẹ́ni ò lè mú òun fún àṣìṣe, ẹ má jẹ́ kó dẹ́rù bà yín. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lè gbà á sílẹ̀ lórí àìmọ̀ tàbí àìbìkítà, kò lè gbà á sílẹ̀ lórí jìbìtì.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ má dá lọ

Nínú ẹjọ́ Yorùbá, ibí ni iná ti ń jó jù. Ẹ rò ó wò: ogún ọmọbìnrin yìí, ikú ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá ẹ̀ ló máa mú un wá. Kó tó lanu, wọ́n ti ní ó ń retí kí ọmọ ọlọ́mọ kú. Ìyàwó olóògbé á kó àdúrà sórí, àwọn ẹbí á ní kó wá búra, trustee á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan máa wò. Mo ti rí èyí tí wọ́n fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pa mọ́ ẹnì kan lẹ́nu títí tí ilé fi lọ. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ là ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n.

Ọ̀gá mi ló tọ́ka sí ohun tí gbogbo wa ò rí. Ó ní, "Ọmọ tó wà ní Zaria yẹn, ṣé ó ti pé 25 ni?" Kò tíì pé. Nítorí náà òun náà, ẹni bí-bá ni! Ẹ gbà á yẹ̀ wò: ọ̀rọ̀ "bí" wà lórí ti òun náà, ó kàn jẹ́ pé "bí" tiẹ̀ ló ṣeé ṣe jù. Ìyá ẹ̀ sì rèé tó yẹ kó jẹ rẹ́ǹtì ṣọ́ọ̀bù lóṣooṣù, ìdajì ló ń bọ́ sí i lọ́wọ́. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni bàbá yẹn ń jẹ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá lọ bá ìyá náà kó tó lọ bá lọ́yà ti borí ìdajì ẹjọ́.

Ó lọ. Ó mú búrẹ́dì àti ẹyin lọ, kò mú ìwé dání. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Mọ̀mọ́, mi ò wá torí tèmi o. Kí àbúrò mi dàgbà, kó gba nǹkan bàbá ẹ̀, àmín. Ṣùgbọ́n kó tó dàgbà, ṣọ́ọ̀bù á ti tán." Ìyá náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kó dìde, ó wọ yàrá lọ mú risíìtì rẹ́ǹtì jáde nínú páálí bàtà.

Lẹ́yìn èyí ni lẹ́tà tó tẹ̀ lé e. Ẹ kọ ọ́ kó kúrú. Ẹ sọ irú ẹni tẹ́ ẹ jẹ́ nínú ìwé náà, ẹ dárúkọ ojú ìwé ibi tó wà. Ẹ béèrè fún ohun tó ṣe pàtó: ìṣirò rẹ́ǹtì láti oṣù báyìí sí oṣù báyìí, àdéhùn tó ṣe lórí ṣọ́ọ̀bù, àti kó fi ìdánilójú hàn pé kò ní ta nǹkan kan láì sọ fún yín. Ẹ fún un ní ọjọ́ tó máa fèsì, ọ̀sẹ̀ méjì ò burú. Ẹ má bú u. Ẹ fi ránṣẹ́ lọ́nà tẹ́ ẹ fi máa ní ẹ̀rí pé ó gbà á, kó buwọ́ lu kọ́pì yín tàbí kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ nípasẹ̀ courier. Bí kò bá fèsì, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ẹ̀ á di nǹkan tí ẹ fi máa han adájọ́.

Bó bá jẹ́ ọmọdé ni ẹni bí-bá, ọmọ tí kò tíì pé 18, àgbàlagbà kan ló máa ṣe ẹjọ́ lórúkọ ẹ̀, kó má jẹ́ ẹni tí àǹfààní tiẹ̀ takò tọmọ náà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹ kó ẹ̀rí jọ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé ẹ fẹ́ lọ kọ́ọ̀tù

Tó bá jẹ́ ilẹ̀ tàbí ilé Abuja, ẹ ní kí lọ́yà yín lọ ṣe search ní AGIS, ọ́fíìsì tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja, ẹ wo orúkọ tó wà lórí ẹ̀, ẹ wo bóyá wọ́n ti fi dúró fún ẹ̀yáwó báńkì kan. Níbẹ̀ náà lẹ ti lè ní kí wọ́n fi caveat sí i, kí ẹni tó fẹ́ rà á mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nílẹ̀. Ẹ yàwòrán ṣọ́ọ̀bù náà pẹ̀lú nọ́ńbà ara ẹ̀. Ẹ bẹ àwọn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ ya risíìtì tiwọn, kí iye tó yẹ kí wọ́n máa san fi hàn kedere.

WhatsApp ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbójú lé, ó dáa, àmọ́ ẹ má kàn tẹ ojú fóònù jáde kẹ́ ẹ gbé e wá. Evidence Act ti 2011, section 84, béèrè fún ìwé ẹ̀rí tó sọ nípa ẹ̀rọ tí nǹkan náà ti jáde wá àti bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀rí tó dùn bí oyin ni mo ti rí tí wọ́n jù sẹ́yìn torí ìwé ojú kan yẹn ò sí.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: kọ́ọ̀tù wo, ìwé wo

Torí pé Abuja ni olú ìlú, àwọn èèyàn máa ń sáré lọ sí Federal High Court. Rárá o. Ọ̀rọ̀ trust àti ilẹ̀ Abuja, High Court ti FCT ni, olú ilé-ẹjọ́ ẹ̀ wà ní Maitama, ó sì ní ẹ̀ka ní Kubwa, Nyanya, Gwagwalada àti àwọn ibòmíì. Bí ilé náà bá wà ní Kaduna, ẹ lọ sí High Court ti Kaduna.

Bí ẹni tó fi dúkìá sílẹ̀ bá jẹ́ Mùsùlùmí tí nǹkan náà sì jẹ́ waqf (dúkìá tí wọ́n yà sọ́tọ̀ nítorí Ọlọ́run), ẹ̀bùn, wíìlì tàbí ogún lábẹ́ òfin Ìsìláàmù, ẹ rò ó dáadáa, torí section 262 nínú Constitution fún Sharia Court of Appeal ti FCT lágbára láti gbọ́ ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lórí ẹ̀, section 277 sì sọ ohun kan náà fún ti ìpínlẹ̀. Ìlànà wasiyya, ìyẹn wíìlì Mùsùlùmí, náà tún wà ńbẹ̀, pé kò gbọ́dọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta lọ. Ẹ̀yin Mùsùlùmí Yorùbá tẹ́ ẹ wà ní Kano àti Kaduna, ẹ béèrè èyí lọ́wọ́ lọ́yà yín ní ọjọ́ àkọ́kọ́ gan-an, ẹ má jẹ́ kó jẹ́ trustee ló máa kọ́kọ́ gbé e dìde.

Ẹ tún ṣọ́ra fún ìwé tẹ́nì kan bá fi ránṣẹ́ láti Lagos pé ẹ da kọ. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá ní òfin trustee tiwọn. Níbí àti ní òkè ọya, Trustee Act ti England ti ọdún 1893 ni a ṣì ń lò, pẹ̀lú òfin England tó wà nílẹ̀ kí ọjọ́ kìíní oṣù January ọdún 1900 tó kọjá. Àgbà òfin gan-an ni, àmọ́ òun náà gbà pé ẹni tó ní àǹfààní nínú dúkìá lè bẹ kọ́ọ̀tù kí wọ́n yan trustee tuntun.

Ní ti ìwé ẹjọ́, bó bá jẹ́ ìtumọ̀ ìwé lásán lẹ ń wá tí kò sí ìjà lórí ohun tó ṣẹlẹ̀, originating summons, èyí tí wọ́n ń fi ìwé nìkan dá ẹjọ́ ẹ̀, ló yá jù. Bẹ́ ẹ bá ń sọ pé trustee jalè tàbí ó purọ́, writ ni, ìyẹn ìwé ẹjọ́ tó ń lọ sí ìgbẹ́jọ́ kíkún, torí wọ́n máa pe ẹlẹ́rìí. Mo ti gbé originating summons tó kún fún ẹ̀sùn jìbìtì wọlé rí, adájọ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó ní kí wọ́n lọ ṣe é dáadáa, oṣù mẹ́rin lọ láàárín. Bí títà bá ti ń bọ̀ lọ́la, lọ́yà lè bèèrè àṣẹ ìdádúró kí trustee tó gbọ́, àmọ́ wọ́n máa ní kẹ́ ẹ fọwọ́ síwèé pé ẹ máa sanwó bó bá di pé ẹ̀yin lẹ jẹ̀bi tí ìdádúró náà sì ṣe é léṣe. Ẹ má fọwọ́ sí i láì kà á.

Ní ti owó, mi ò ní tàn yín: ó ń jẹ owó, trustee sì lè máa fi owó trust gan-an gbèjà ara ẹ̀ bí kọ́ọ̀tù bá gbà á láyè. Ìdí nìyẹn tí mo fi fẹ́ràn Abuja Multi-Door Courthouse, tó wà lábẹ́ High Court níbí, níbi tí wọ́n ti ń báni parí ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ẹbí ń yanjú níbẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ.

Ní ti àsìkò

Ìròyìn ayọ̀ kan wà fún ẹni bí-bá. Òfin England ti 1888 lórí trustee ti sọ ọ́ pé àsìkò tí wọ́n fi ń ti ẹjọ́ mọ́ni lẹ́nu kì í bẹ̀rẹ̀ sí ka lórí ẹni tí ogún kò tíì dé ọwọ́ ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kì í gba trustee tó ṣe jìbìtì sílẹ̀, tàbí èyí tí nǹkan náà ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀. Abuja ní òfin Limitation tiẹ̀ náà, ẹ ní kí lọ́yà ṣí i kó kà á fún yín. Àmọ́ ẹ má fi ìyẹn sùn. Bẹ́ ẹ bá ti mọ̀ pé wọ́n ń ta ilé tẹ́ ẹ sì ń wò, adájọ́ á béèrè ìdí tẹ́ ẹ fi dákẹ́, ẹni tó fowó ẹ̀ ra ilé láì mọ nǹkan kan á sì ṣòro láti lé jáde.

Bó bá jẹ́ trust òkèèrè

Púpọ̀ nínú wa níbí ní bùrọ̀dá tàbí àǹtí l'Amẹ́ríkà tó dá trust sílẹ̀ tó sì fi orúkọ ọmọ wa sí i. Òfin ibẹ̀ ló máa ṣiṣẹ́, kì í ṣe tibí. Ní California, òfin wọn pe ẹni bí-bá ní beneficiary tààrà, ìbáà jẹ́ ti ìsinsìnyí tàbí ti ọjọ́ iwájú. Bí ẹni tó ṣe é bá kú, trustee gbọ́dọ̀ fi ìwé ìkéde ránṣẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ ta ko trust náà ní ọjọ́ 120 péré láti ìgbà tí wọ́n ti fi í ránṣẹ́. Ọjọ́ 120! Ìwé tó dé sí P.O. Box tẹ́ ẹ kì í yẹ̀ wò nílé ìfìwéránṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí ka ọjọ́ mọ́ yín lórí. Lọ́dún 2020, nínú Barefoot v Jennings, Supreme Court ti California gbà pé ẹni tí wọ́n yọ orúkọ ẹ̀ kúrò nípa àtúnṣe ìwé náà lè wá sọ pé àtúnṣe ọ̀hún ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, kò dìgbà tí orúkọ ẹ̀ bá ṣì wà nínú ẹ̀. Nítorí náà bí ìwé bá dé láti òkèèrè, ẹ ya fọ́tò àpò ìwé náà pẹ̀lú déètì tó wà lára stáǹpù ẹ̀, ẹ wá lọ́yà tó wà ní ìpínlẹ̀ yẹn gan-an kí oṣù tó parí.

Ní ti ọmọbìnrin tiwa, èèyàn mẹ́ta ló buwọ́ lu lẹ́tà: òun, ìyá, àti ọmọ tó wà ní Zaria, tó wọ bọ́ọ̀sì wá lọ́jọ́ Friday kó lè fọwọ́ sí i. Trustee ò fèsì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n wá pè é sí Multi-Door, ó gbé ìwé ìṣirò wá, exercise book ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ojú ewé mẹ́fà ló kọ nǹkan sí láti ọdún mẹ́ta, wọ́n sì fi bírò kan náà kọ gbogbo ẹ̀. Ó fọwọ́ síwèé pé òun ò ní ta ṣọ́ọ̀bù kejì. Ti rẹ́ǹtì tó sọ di ìdajì, kò gbà, ìyẹn ṣì wà ní kọ́ọ̀tù, wọ́n ti sún un síwájú lẹ́ẹ̀mejì, èmi náà ni mo sì máa gbé fáìlì ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.